Ta Ló Ni Pàǹtí Tó Wà Lẹ́yìnkùlé?

Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Muṣin tàbí Ṣómólú, ìdílé mẹ́wàá lè jọ máa lo ilé ìdáná kan, ẹ̀rọ omi kan àti dúrọ́ọ̀mù ìdalẹ̀sí kan ṣoṣo. Ẹni tí gbígbá ọ̀ọ̀dẹ̀ kàn, gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàn láti fọ balùwẹ̀, wọ́n mọ òun náà. Ṣùgbọ́n bí dúrọ́ọ̀mù bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí ìdin ń rìn lábẹ́ rẹ̀, ńṣe ni kálukú á máa fọwọ́ bo imú kọjá. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lórúkọ lára.

Lọ́dún 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó pàǹtí. Àjọ náà ló wá di LAWMA. Àmọ́ ọkọ̀ tó ń wọ àdúgbò wá kó pàǹtí ilé gbígbé, ti àwọn aládàáni tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PSP ló pọ̀ jù nínú wọn. Kálukú wọn ló ní àdúgbò tirẹ̀, wọ́n sì ń gbé bíìlì wá. Bíìlì yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ayálégbé. Bí ẹni mẹ́jọ bá san tí ẹni méjì ò san, ọkọ̀ kò lè ṣa pàǹtí ẹni tó san kúrò nínú ti ẹni tó jẹ gbèsè. Yóò fo ilé náà ni, òórùn á sì kárí. Àwọn ẹ́sítéètì kan ti ta ọgbọ́n sí i: wọ́n fi owó pàǹtí kún owó àbójútó tí gbogbo fúláàtì ń san, wọ́n á sì san án fún PSP lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn sàn ju kí ará ilé kan náà máa bú ara wọn láràárọ̀ lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ PSP bá sú a máa pe ọlọ́mọlanke. Ìyẹn kì í gbé bíìlì wá. Ìjọba Èkó ti fòfin dè wọ́n, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ń fi òru bojú da ẹrù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tàbí sínú kánààlì. Ohun tó bá dí ojú omi, òjò ló máa ń bi èèyàn léèrè rẹ̀. Ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Pàǹtí tó dí odò wà lára ohun tó fà á, pẹ̀lú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi.

Ibo wá ni ọkọ̀ ń kó pàǹtí Èkó lọ? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ sí Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta, ààtàn ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1992, tí ilé ti yí ká báyìí. Oúnjẹ tó bá jẹrà lábẹ́ òkìtì, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, a máa mú gáàsì tó ń gbiná jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Olúṣòsùn gbiná, èéfín sì gba àdúgbò kan.

Ohun tí kò bá tilẹ̀ dé inú dúrọ́ọ̀mù ló sàn jù. Ó ti pẹ́ tí ewúrẹ́ ti ń bá Yorùbá ṣe àtúnlò èèpo iṣu, kò sì gba owó oṣù. Ti ike ló gba kí èèyàn mọ nọ́ńbà. Ẹ mú ike omi tó ti ṣófo, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè: ọfà mẹ́ta ń lé ara wọn ká, nọ́ńbà kan sì wà láàárín wọn. 1 ni ti ike omi àti mínírà, èyí tí àwọn oníṣòwò àtúnlò ń wá kiri. 2 sábà máa ń wà lára kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ olómi. 6 ni ti abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ ń di ìrẹsì sí, tí ìjọba Èkó fòfin dè ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ìdérí ike omi kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ike fúnra rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá lọ̀ wọ́n wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà wọ́n sómi, ike á rì, ìdérí á léfòó. Bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n nìyẹn. Wọ́n lè wá sọ ike náà di òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí.

Lọ́dún 2012, Bilikiss Adébíyìí dá Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Wọ́n á wọn ike, ọ̀rá omi àti agolo, wọ́n á fi máàkì ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó kó o jọ, onítọ̀hún á sì fi máàkì náà gba ohun èlò ilé. Ní Ajégúnlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ Morit ti gba ike lọ́wọ́ òbí láti fi dín owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kù.

Páálí tí ọbẹ̀ ti ta sí, kò sẹ́ni tó máa rà á. Nítorí náà, kí pàǹtí tó dàpọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti yà á. Àpò ìrẹsì òfìfo méjì tó fún un: kí wọ́n so wọ́n mọ́ ògiri ilé ìdáná, ọ̀kan fún ike, èkejì fún agolo. Kí ará ilé fi owó tí wọ́n bá tà á dí ihò inú bíìlì PSP.

Ohun méjì kò gbọdọ̀ wọ dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lásán. Eérú gbígbóná lè dáná sí ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí. Ìgò tó fọ́ a máa ya àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn míì nínú wọn kò sì ní ìbọ̀wọ́. Ẹ wé ìgò náà sínú páálí, ẹ fi okùn dì í, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: ÌGÒ FÍFỌ́.