Ilé Oko Wa Létí Adágún

Ní ilẹ̀ òyìnbó kan tí à ń pè ní Finland, òtútù pọ̀ níbẹ̀, adágún omi sì pọ̀ bí àpáta ti pọ̀ ní Ṣakí. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi 5,600,000 lọ, ṣùgbọ́n ilé kéékèèké tí wọ́n kọ́ sí etí omi àti inú igbó lé ní 500,000. Mökki ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà ooru bá dé, ìdílé á ti ilé ìgboro pa, wọ́n á kó lọ sí mökki wọn, wọ́n á máa pẹja, wọ́n á máa la igi. Bàbá á fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ á sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀.

Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn tí ó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín. Ṣé nǹkan tuntun nìyẹn? Àwa náà ní ilé méjì. Ilé ń bẹ ní ìlú, ahéré ń bẹ ní oko. Òótọ́ ni pé tiwọn wà fún ìsinmi, tiwa sì wà fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó dàgbà ní abà léèrè, ilé wo ni ó ń rí lójú àlá.

Àwa tí à ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a dàgbà sí, ní ìhà Ìsẹ́yìn, lórí gegele kan tí ó kọjú sí odò Ògùn. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan níwájú. Bàbá wa àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n mọ ọ́n. Wọ́n po amọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fà. Wọ́n mọ ògiri dé orúnkún, wọ́n dúró kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á tẹ̀. Igi ayin ni wọ́n fi ṣe òpó àti ẹkẹ, nítorí ikán kì í tètè rí i jẹ. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo òrùlé.

Ilẹ̀ ilé, iṣẹ́ ìyá wa ni. Á bó èèpo igi ìrà, á rẹ ẹ́ sínú omi, á fi omi pupa náà wọ́n ilẹ̀ tí a ti lù, ilẹ̀ á le, á sì máa dán. Títí di òní, bí a bá gbọ́ òórùn amọ̀ tútù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ó ń wá sí wa lọ́kàn, àti iṣu sísun pẹ̀lú epo.

Nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, odò yí padà. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ mọ ògiri ńlá dí odò Ògùn ní Ìkèrè, nítòsí Ìsẹ́yìn, kí omi lè wà fún mímu àti fún oko. Omi tí a dá dúró bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ó gba àkùrọ̀ wa, ó gba ojú ọ̀nà tí à ń gbà lọ pọnmi. Kò dé gegele ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí bàbá wa kọ́ sí òkè odò ṣe di ilé etí adágún láì kúrò lójú kan.

Ilé amọ̀ kò kọ ọjọ́ ogbó. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òrùlé bá ti ń jò sórí ògiri, amọ̀ á rọ̀, ògiri á sì wó. Nítorí náà ni bàbá wa ṣe ń pààrọ̀ bẹẹrẹ tí ó bá ti jẹrà ní ọdọọdún. Ìgbà tí à ń gé koríko yìí ṣe pàtàkì. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gé e, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ gé e kí pápá tó jó. Bí iná bá ti kọjá, kí lẹ ó gé? Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ mọ èyí, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ ni a máa ń gbé koríko yìí lọ fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Lẹ́yìn náà ni wọn a tó kiná bọ pápá.

Bàbá wa kú, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹnìkan wà ní Ìbàdàn, ẹnìkan wà ní Èkó, àwa wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta kọjá, kò sí ẹni tí ó gé bẹẹrẹ. Nígbà tí a padà débẹ̀, yàrá ìyá wa ti wó. Ẹ̀bi wa ni, kò sí ẹlòmíràn tí a lè dì í rù.

Ní ọdún yẹn gan-an ni ọmọ àbúrò bàbá wa kan mú oníbàárà wá. Ọkùnrin náà fẹ́ kọ́ ilé ìtura sí etí adágún. Àbúrò wa yìí ti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ilé tó ti ń wó, kí la fẹ́ fi í ṣe?”

Kí a tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, sọ pé, “Ìdí igi ẹ̀mí ẹ̀yìn ilé yẹn ni mo ri ìwọ́ ẹni mẹ́ta nínú yín mọ́. Èló lo tà á?”

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè kan ẹnikẹ́ni nínú yín. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ìgbà náà sọ ọ́ kedere. Bí ọmọ ilé kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbà yòókù, wọ́n lè mú un lọ sílé ẹjọ́ kí a fagi lé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi falẹ̀ o.

Àbúrò wa dá owó padà. Ojú rò ó, ó sì lo oṣù mẹ́rin kí ó tó dá gbogbo rẹ̀ padà.

A wá ní kí a kọ ọ̀rọ̀ ilé náà sílẹ̀. Àwa olùkọ́ ni a kọ ìwé náà. A kọ ibi tí ààlà wà, àwọn pèrègún tí a fi sàmì sí i, orúkọ àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà, àti ẹni tí yóò máa gé bẹẹrẹ ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní kí a gbé ìwé náà wá kí òun kà á. Ó ti ń lọ sí kíláàsì àgbà láti ọdún méjì ṣáájú. Ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é jẹ́jẹ́. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Nígbà tí ó dé ìlà kẹrin, ó dúró.

“Kí lẹ kọ síbí? ‘Àwọn ọmọkùnrin bàbá ni wọ́n ni ilé yìí.’ Èmi ń kọ́? Àwọn arábìnrin yín ń kọ́?”

Ojú tì wá. Odindi ọ̀gá ilé-ìwé! Láti ọdún 1908 ni ilé ẹjọ́ ní Èkó ti gbà, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí pàápàá. A pa “ọmọkùnrin” rẹ́, a kọ “ọmọ”. Nígbà tí wọ́n gbé ìǹkì wá kí ó fi tẹ̀ka, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Bírò ni ó gbà. Ó pẹ́ kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ tán, lẹ́tà kan sì ga ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i kà.

A ti tún yàrá tí ó wó mọ. Àwọn ọmọ wa ń fẹ́ kí a kan páànù sórí ilé náà. Àwọn àgbà ní ooru páànù pọ̀, kí a fi bẹẹrẹ sílẹ̀. A kò tíì fẹnu kò. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, àbúrò wa tí ó gba owó ọjọ́sí ni ó kàn láti gé koríko.

Ìbéèrè
Kí ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ gé bẹẹrẹ kí pápá tó jó?
Ọ̀rọ̀ wo ni ìyá àgbà náà ní kí a yí padà nínú ìwé? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí kò bá lè kà á?
Kọ orúkọ àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà sínú ìwé rẹ. Kọ orúkọ tìrẹ sí ìsàlẹ̀.