Ta Ni Ká Pè ní Ẹhànnà? Ìtàn Ìwádìí Tuskegee

Nígbà tí mò ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn fún ìwádìí oyè kejì mi, ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú, ó ní: "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe gan-an?" Ká sòótọ́, inú bí mi. Ilẹ̀ ti ń ṣú, èèyàn mẹ́rin péré ló kù kí iye tí mo fẹ́ pé. Mo kàn fẹ́ kí màmá tẹ̀ka síwèé ni. Àfi bí ìtàn Tuskegee ṣe sọ sí mi lọ́kàn.

Agbègbè Macon ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀, láti 1932 sí 1972. Àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kó 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jọ, àgbẹ̀ tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn. 399 ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis. 201 tó kù ò ní in, wọ́n kó wọn mọ́ ọn kí wọ́n lè máa fi wọ́n wé àwọn aláìsàn. Ohun tí àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ ni ohun tí àrùn yìí máa ń ṣe sí ara èèyàn dúdú tí ẹnikẹ́ni ò bá tọ́jú rẹ̀, títí onítọ̀hún á fi kú. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dáa, pé àwọn fẹ́ bá wọn tọ́jú rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, aspirin àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn. Wọ́n tún ṣèlérí owó ìsìnkú, torí wọ́n fẹ́ la òkú wọn wò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwọn dókítà ló kó àrùn náà ràn wọ́n. Rárá, wọ́n ti ní in tẹ́lẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ní 1943, dókítà John Mahoney, òṣìṣẹ́ àjọ kan náà yìí, fi hàn pé pẹnisílìn ń wo syphilis sàn. Oògùn náà kì í jẹ́ kí kòkòrò tó ń fà á lè mọ ògiri tó yí ara rẹ̀ ká, kòkòrò náà á sì kú. Nígbà tó fi máa di 1947, òun ni oògùn tí wọ́n ń lò fún un káàkiri. Àwọn 399 yẹn ńkọ́? Wọn ò fún wọn. Wọ́n tún ní kí àwọn dókítà àdúgbò má tọ́jú wọn. Tí ẹ bá ti ṣe ìwádìí rí, ẹ mọ ìdí: dátà á bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Eunice Rivers, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn. Ó ń fi mọ́tò gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, ó ń béèrè ìyàwó àti ọmọ, ó ń bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó lé ní 30 ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹhànnà ni? Ẹnu mi ò gbà á láti pè é bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè dá a láre.

Àṣírí kọ́ ni o. Wọ́n ń gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn, àwọn dókítà ń kà á, wọ́n ń ṣí ojú ewé tó kàn. Òṣìṣẹ́ àjọ náà kan, Peter Buxtun, kọ̀wé ẹ̀sùn ní 1966, ó tún kọ ọ́ ní 1968. Ní 1969 ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí, wọ́n ní kí iṣẹ́ máa lọ. Ìgbà tó fà á lé oníròyìn lọ́wọ́, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1972, ni wọ́n tó dá a dúró. 74 ló ṣì wà láàyè nínú àwọn ọkùnrin náà.

Ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà níbẹ̀, kò ṣeé bò. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ń gbà á dáadáa, ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ń kọ ọ́ dáadáa, kò wá sẹ́ni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti béèrè bóyá aláìsàn máa yè. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1974 tìtorí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó sọ ìwé ìyọ̀ǹda di dandan fún irú wa.

Mo bá jókòó ti màmá, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti òkè fọ́ọ̀mù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní àwọn ò ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo kó ìgò mi, mo lọ sílé kejì.