Oníbàárà Ni Kí Ó Pàṣẹ Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó rò pé bí ọjà bá ti kún ilé, iṣẹ́ ń lọ dáradára nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjà tí a ṣe tí ẹnikẹ́ni kò rà, owó tí a tì mọ́lé ni. Ó ń gba àyè, ó sì lè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní ilẹ̀ Jàpáànù ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ọdún 1949, owó wọ́n gidigidi ní Jàpáànù. Ọkọ̀ Toyota kò tà bí wọ́n ti rò, gbèsè sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1950 àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, Kiichiro Toyoda tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ sì fi ipò olórí sílẹ̀.

Ọ̀gá kan níbẹ̀, Taiichi Ohno, ti gbọ́ nípa àwọn ilé ìtajà ńlá ti Amẹ́ríkà, níbi tí oníbàárà ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tí ó fẹ́ lórí pẹpẹ, tí olùtajà sì ń dá kìkì iye tí a mú padà síbẹ̀. Ní 1953 ó lo ìlànà yìí ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Báyìí ni ó rí. Àwọn tí ń to ọkọ̀ pọ̀ di oníbàárà, àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì di olùtajà. Káàdì kan, tí à ń pè ní kanban, wà lára àpótí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti mú ẹ̀yà inú àpótí lò, káàdì náà yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe wọ́n. Iye tí a kọ sí i ni yóò ṣe, kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé e. Bí káàdì kò bá dé, kò ní ṣe ọ̀kankan. Nítorí náà, bí olórí bá fẹ́ kí ẹrù dín kù, yóò yọ káàdì díẹ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù kejì ọdún 1997, iná jó ilé-iṣẹ́ Aisin ní ìlú Kariya, tí ń ṣe ẹ̀yà bíréèkì kan fún Toyota. Nítorí pé ẹ̀yà náà kò pọ̀ nílẹ̀, iṣẹ́ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Toyota fún ọjọ́ díẹ̀. Dídín ọjà kù kì í ṣe pé kí ilé ṣófo.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń ta àga mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí ó ní mẹ́rin nílẹ̀ fún ẹni tí ń kánjú. Bí a bá ra méjì, kí ó kan méjì sí i. Owó pákó tí kò tíì nílò yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ.