Kí Ọwọ́ Rẹ Tó Wọ Inú Aró

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù, pé o sì ti ń wá àgbàlá tí o máa to àwọn bàsíà aró rẹ sí. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n kí o tó náwó sórí àwọ̀ àti aṣọ funfun, jókòó tì mí díẹ̀. Ohun kan wà tí a kì í sáábà ráyè sọ fún ọmọ iṣẹ́ ní àgbàlá aládìrẹ, ì báà ṣe ní Ìtòkú, ì báà ṣe ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń di oníko, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, wọ́n sì kọ́ ọ ní àwọ̀ tó ń ṣáájú àti èyí tó ń tẹ̀lé e. Tó bá kan ara tìrẹ, "rọra" ni wọ́n máa ń sọ. Rọra dára, àmọ́ kò tó. Ohun tó máa dáàbò bò ọ́ ni ohun tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí ara rẹ le àti lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ọ́.

Aró àwọn ìyá wa àgbà, ewé elú ni wọ́n ń gún, omi eérú ni wọ́n ń sẹ́ sí i, wọ́n á sì dúró ọjọ́ mélòó kan kó tó pọ́n. Omi eérú náà a máa jẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n kì í yára. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí ni àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú, sódà àti hydrosulphite, kíá ni aró á sì ti ṣetán. Sódà yìí kan náà ni àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Bó ṣe ń sọ epo di ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá ọ̀rá inú awọ ara wa jà. Nítorí náà, bí ìka rẹ bá ń yọ̀ bí ẹni tó ń fọṣọ, tí kò tíì máa ta ọ́, má dúró kó ta ọ́ kí o tó wá omi. Awọ ara rẹ ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Jẹ́ kí èyí di àṣà rẹ: omi tútù ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike, lẹ́yìn náà ni kí o máa bu sódà sí i díẹ̀díẹ̀, kí o fi igi gígùn rò ó. Má ṣe da omi lé sódà lórí láé. Ara rẹ̀ á gbóná lójijì, á hó, á sì ta sí ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀. Má sì ṣe pò ó nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí sódà máa ń jẹ alumíníọ̀mù, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná. Ike tó nípọn ni kí o lò.

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Fi èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò sílẹ̀, ó fẹ́lẹ́ jù, ó sì kúrú. Rọ́bà tó nípọn, tó gùn dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, ni kí o rà. Láràárọ̀, rọ omi sí i, fún un, kí o wò bóyá ó ń jò. Ìbọ̀wọ́ tí sódà ti wọ inú rẹ̀ burú ju kéèyàn má wọ nǹkan kan lọ, torí ṣe ló ń há sódà mọ́ ọ lára. Kí o tó bọ́ ọ, ṣan ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa.

Ojú ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù. Sódà tó bá wọ ojú kì í dúró sí òkè, ṣe ló ń wọ inú lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa sọ bóyá ojú náà á ríran. Awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin máa ń lò tí wọ́n bá ń lọ nǹkan, ni kí o wọ̀ nígbàkígbà tí o bá ń po sódà tàbí tí o bá ń ru aṣọ sókè. Kí kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ ńlá kan sì wà nítòsí aró lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣan ọwọ́ tàbí aṣọ. Bó bá ta sí ojú, má kọ́kọ́ sáré wá ọkọ̀. Ya ipéǹpéjú, kí ẹnìkan máa da omi sí i, ó kéré tán fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Kò sí wàrà ọmú níbẹ̀, kò sí epo pupa, kò sí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Omi ni oògùn rẹ̀.

Ìró rẹ náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti obìnrin láti bọ́ aṣọ ní gbangba, pàápàá bí àwọn oníbàárà ọkùnrin bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí sódà bá ti rin, bó ṣe lẹ̀ mọ́ itan rẹ ló ń jó o. Bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí o da omi sára. Fi ìró àgbékọ́ kan há ìdí ògiri nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ìtìjú má baà dá ọ dúró.

Ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn rẹ nídìí aró. Èyí le, mo mọ̀, pàápàá bí kò bá sí ẹni tó máa gbé e, ṣùgbọ́n mi ò ní gba àwáwí kankan lórí rẹ̀. Bẹ̀ ìyá àgbà kan nítòsí, tàbí kí o dá aró nígbà tí ọmọ bá ń sùn nínú ilé. Àwọn ọmọ tó ti ń rìn ló tún bà mí lẹ́rù jù. Má ṣe rọ omi sódà tó ṣẹ́kù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi, bó ti wù kó kéré tó. Òùngbẹ a gbẹ ọmọ, á rí ìgò tó mọ̀, á gbé e mu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á sì jó. Inú ọ̀rá tí o bá a rà ni kí o fi sódà sí, kí o gbé e sínú ike tó lómọrí, kí o sì tì í mọ́ inú ibi gíga. Bí ọmọ bá mu ún, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n mú un bì. Bó ṣe jó o lọ náà ló máa jó o bọ̀. Ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì máa sáré lọ sí ọsibítù.

Hydrosulphite ní tirẹ̀ kórìíra ọ̀rinrin. Tó bá rin, ara rẹ̀ a máa gbóná, ó sì lè gbiná. Òórùn rẹ̀ burú fún ẹni tó ní ikọ́ fée, nítorí náà ìta gbangba ni kí o ti ṣiṣẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀yìn rẹ wá. Bí o bá tún ń yọ́ àbẹ́là láti fi ya aṣọ, má fi í sórí iná lọ síbi kankan. Bí àbẹ́là náà bá gbiná, ọmọrí ni kí o fi dé e, má da omi sí i.

Àwọn àgbà máa sọ fún ọ pé, "Ó ti mọ́ wa lára." Bọ̀wọ̀ fún wọn, má bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n má gbà á. Ọwọ́ tí kò ro wọ́n mọ́, sódà ṣì ń jẹ ẹ́. Gbàdúrà kí o tó jáde nílé, èmi náà ń gbà á fún ọ, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn àmín.

Ìkánjú burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Aṣọ ẹbí máa dé, ìyàwó máa pè, ilẹ̀ á ti ṣú, iná á lọ, wọ́n á ní kí o fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣe é. Kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, "Ẹ máa bínú mà, kò ní lè jẹ́ òní." Lójú tèmi, ẹni tó bá ń po sódà lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú ń fi ojú ara rẹ̀ ta ọjà.

Ìwọ náà á gba ọmọ iṣẹ́ láìpẹ́. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ń ṣe ni wọ́n máa ṣe. Bí nǹkan bá dà nù tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ sọ ọ́ láàárín ara yín kí ẹ tó tilẹ̀kùn, má sì jágbe mọ́ ẹni tó dà á, torí bí o bá jágbe, á máa fi tọ̀la pa mọ́. Bó bá wá pa ẹnìkan lára, òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2010 ka ọmọ iṣẹ́ pàápàá mọ́ òṣìṣẹ́, àjọ NSITF ló sì ń bójú tó o. Yà ní ọ́fíìsì wọn, kí o bi wọ́n bí ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ṣe ń forúkọ sílẹ̀.

Mò ń lọ ọjà ní Sátidé. Wọn fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ mú ìbọ̀wọ́ méjì bọ̀, torí èyí tó bá fẹ̀ jù, sódà máa ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Awò ojú, fúnra rẹ ni kó o wọ̀ ọ́ wò kó o tó sanwó.