Rọ́bọ́ọ̀tì Rọ́bà Tí Afẹ́fẹ́ Ń Darí

Rọ́bọ́ọ̀tì rọ́bà jẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní egungun irin nínú. Rọ́bà rírọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á dá ihò sí i nínú, afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ sínú ihò náà ni yóò sì mú un ṣiṣẹ́.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ díẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, Joseph McKibben, onímọ̀ físíìsì kan ní Amẹ́ríkà, fi túùbù rọ́bà tí wọ́n fi okùn híhun bò ṣe iṣan àtọwọ́dá fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ túùbù náà, á sanra, á sì kúrú. Ní ọdún 2011, George Whitesides àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ṣe rọ́bọ́ọ̀tì rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tó fàyà fà kọjá lábẹ́ gíláàsì tí wọ́n gbé sókè ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìka rọ́bà kan ṣoṣo ló dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Yàrá kéékèèké tò tẹ̀ léra nínú ìka yìí, ọ̀nà tóóró kan sì so gbogbo wọn pọ̀. Inú mọ́ọ̀dù ike ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Sílíkóònù, ìyẹn irú rọ́bà rírọ̀ kan, ni wọ́n ń dà sínú mọ́ọ̀dù náà, inú ike méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì máa ń wà kí wọ́n tó pò ó. Fún irú tí wọ́n ń pè ní Ecoflex 00-30, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń bù nínú ike méjèèjì. Tí wọ́n bá ti pò ó pọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ló ní kó tó ki, wákàtí 4 ni yóò sì fi gan. Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń fi rò ó, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá há sí ló máa ń bẹ́ lẹ́yìn ọ̀la. Ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ kàn án: èròjà imí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí sílíkóònù gan, á kàn máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni.

Ìsàlẹ̀ ìka yìí ni iṣẹ́ wà. Wọ́n á da sílíkóònù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á tẹ́ bébà sínú rẹ̀, wọ́n á wá gbé apá òkè tí wọ́n yọ nínú mọ́ọ̀dù lé e. Bí sílíkóònù yẹn bá pọ̀ jù, á gòkè lọ dí àwọn yàrá; bó bá kéré jù, etí á máa jò. Sílíkóònù ń nà, bébà kì í nà. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé, òkè á wú, á sì gùn sí i, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ò ní gùn. Ìka náà ò wá ní ọ̀nà mìíràn ju kó ká síhà bébà lọ. Láìsí bébà, á kàn wú ni.

Bó bá gan tán, wọ́n á ki túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á so sìríńjì mọ́ ọn. Wọ́n á tẹ ìka náà rì sínú omi, bí fokanáísà ṣe ń wá ibi tí túùbù táyà ti jò, wọ́n á sì fi sílíkóònù díẹ̀ lẹ ibi tó bá ń hó. Mẹ́ta irú ìka bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tò wọ́n kọjú síra, lè gbé ẹyin láì fọ́ ọ. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ń lo irú ọwọ́ yìí láti kó nǹkan jíjẹ sínú páálí.