Bí Àìsàn Bá Dá Arìnrìn-àjò Dúró ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ara onílé ni kì í jẹ́ kí ó lè padà ní ọjọ́ tí ó dá. Arìnrìn-àjò ni àwọn ará Ìlọrin láti ìgbà pípẹ́ wá. Àwọn kan ń lọ ṣe Háájì ní Mẹ́kà, àwọn kan ń ṣòwò ní Gánà àti Tógò, àwọn mìíràn a sì máa lọ bẹ àwọn ọmọ wọn wò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí gbogbo wọn mọ ohun kan: àìsàn lè dá ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n kì í dá ọjọ́ tí ó wà nínú ìwé dúró.

Ọjọ́ Méjì Tí Ó Yàtọ̀

Físà ni ìwé àṣẹ tí àlejò fi ń wọ ìlú onílùú. Ọjọ́ tí àṣẹ ìwọlé yóò parí lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ jáde. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣọ́bodè ni wọ́n ń dá ọjọ́ ìjáde fún àlejò nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94. Ẹni tí ó bá ń wo físà nìkan lè rú òfin láìmọ̀.

Ẹ̀kọ́ Láti Gánà

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbé gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kó kúrò. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí, tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n fi ilé àti ọjà sílẹ̀.

Ìrọ̀rùn dé lẹ́yìn náà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 gba ọmọ ẹgbẹ́ láàyè láti wọ ilẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Bí yóò bá lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ oníṣòwò bá kán ní Kùmásì nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí 90 ọjọ́ rẹ̀ pé, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí eegun bá so pọ̀. Kí ó rán ẹni tí ó fọkàn tán lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè Gánà láti ṣàlàyé, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti ìwé dókítà.

Aláìsàn ní Mẹ́kà

Ẹni tí àìsàn bá kọlù nígbà Háájì kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù. Kí òun tàbí ẹnìkejì rẹ̀ tètè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó àwọn ará Kwara lọ, nítorí ọkọ̀ òfurufú lè gbéra nígbà tí ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ìkọ́lé wó lu àwọn olùjọ́sìn ní Mọ́sálásí Mímọ́ ti Mẹ́kà, ó sì pa ju 100 ènìyàn lọ. Ọba Salman pàṣẹ pé kí wọ́n fún ẹbí àwọn tí ó fara pa ní físà, kí wọ́n lè wá tọ́jú ènìyàn wọn. Ìjọba a máa ṣàánú, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ó bá mọ̀ pé aláìsàn wà.

Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà

Ní Bìrìtéènì, oṣù mẹ́fà ni àlejò sábà máa ń rí gbà. Bí àìsàn bá dé, kí ó béèrè àfikún kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Òfin ibẹ̀ sọ pé àṣẹ àtijọ́ ẹni tí ó béèrè lásìkò kò tíì parí, títí ìjọba yóò fi fún un lésì. Ẹni tí ó pẹ́ kò ní ààbò yìí. Ẹni tí ó fẹ́ dúró gba ìtọ́jú gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti san owó èyí tí òun ti gbà, àti pé òun lè san ti iwájú.

Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù I-539 ni wọ́n fi ń béèrè àfikún. Ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí ó wọlé, ó kéré tán, ní ọjọ́ 45 kí àkókò tó pé. Ẹni tí ó bá lò ju 180 ọjọ́ lọ láìgbàṣẹ, tí ó wá jáde, lè di ẹni tí kò ní wọ ibẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá pé ọdún kan, ọdún mẹ́wàá ni.

Ìwé Dókítà

Ìwé tí ó kàn sọ pé “ara rẹ̀ kò yá” kò tó. Ó yẹ kí ó sọ orúkọ aláìsàn bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà, ohun tí ó ń ṣe é, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ìdí tí kò fi lè rìnrìn-àjò, àti ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí ó lè gbéra. Kí aláìsàn pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú rìsíìtì ilé ìwòsàn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí àwọn tí ó wà nílé ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí ẹni tí ó ń múra àjò.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọjọ́ tí físà parí àti ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ jáde?
2. Ọjọ́ mélòó ni ọmọ Nàìjíríà lè lò ní Gánà kí ó tó tọrọ àṣẹ?
3. Kí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé dókítà?