Ọ̀rẹ́ Àfojúinúrí àti Ayé Inú Láàárín Àwọn Àgbàlagbà Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ronú ohun tí n óò kọ sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀rẹ́ tí ojú kò rí, tí àwọn àgbàlagbà kan tí ó ní ọ́tísíìmù ń bá gbé nínú ọkàn wọn, ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ìdáhùn mi ni pé ó kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkíní, bí a bá ṣe pe nǹkan ni a ó ṣe hùwà sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa ni a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń pe nǹkan. Èkejì, ọ̀rọ̀ náà wà nínú ilé tèmi gan-an.

Àbúrò mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 27 báyìí. Láti kékeré ni ó ti máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí yóò máa bá ẹnìkan tí a kò rí sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ni ẹni náà. Àbúrò mi a máa dárúkọ ibùdókọ̀ fún un láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, láti Dùgbẹ̀ dé Mólété, títí dé Challenge. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọjá sí àwọn ìlú tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà rárá. Àwọn ẹbí wa gbà pé emèrè ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, níbi tí wọ́n ti fi ebi pa á fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n sì nà án lẹ́gba kí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ lè fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà náà. Ọmọ ọdún 15 ni èmi, èmi ni mo sì gbé àpò rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a mú un padà dé ilé, oṣù méjì gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ẹni tí a rí tàbí ẹni tí a kò rí. Ìgbà tí ó pé ọmọ ọdún 22 ni dókítà tó sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni ó ní.

Kí ni Ọ́tísíìmù?

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tí ẹnìkan lè kó ran ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni. Ó lè ṣòro fún ẹni tí ó ní in láti mọ ohun tí ojú àti ohùn ẹlòmíràn ń sọ. Ariwo tàbí ìmọ́lẹ̀ lè ni ín lára ju bí ó ti ń ni àwa yòókù lára lọ. Ó lè fẹ́ kí nǹkan máa rí bákan náà lójoojúmọ́, ó sì lè mọ ohun kan ní àmọ̀dunjú. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kò rí bákan náà: òmíràn wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, òmíràn sì ń kọ́ni ní yunifásítì.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Eugen Bleuler, dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911 láti ara ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí 'ara ẹni'. Àwọn aláìsàn ọpọlọ kan ni ó lò ó fún, àwọn tí ó fi ayé tí gbogbo wa jọ wà sílẹ̀, tí wọ́n wọ inú ayé ti ara wọn lọ. Ní 1943, Leo Kanner lo ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn ọmọ 11 tí ó yẹ̀ wò ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Hans Asperger náà lò ó ní Vienna ní 1944. Nígbà tí ó di 1979, Lorna Wing àti Judith Gould ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ní Camberwell ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tọ́ka sí ìṣòro mẹ́ta tí ó máa ń rìn pọ̀: ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ènìyàn, ìbánisọ̀rọ̀, àti eré tí ó gba kí a lo ojú inú.

Ní 1985, Simon Baron-Cohen, Alan Leslie àti Uta Frith fi ọmọlangidi méjì dán àwọn ọmọ wò. Ọmọlangidi kìíní fi nǹkan ìṣeré rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó sì jáde. Èkejì mú nǹkan náà kúrò, ó fi í sínú àpótí. Wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé níbo ni ẹni tí ó jáde yóò ti wá nǹkan rẹ̀ bí ó bá dé. Nínú àwọn ọmọ 20 tí ó ní ọ́tísíìmù, 16 ni kò nawọ́ sí agbọ̀n.

Irú àwọn ìwádìí báwọ̀nyí ni ó jẹ́ kí èrò gbilẹ̀ pé ẹni tí ó ní ọ́tísíìmù kò ní ojú inú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà! Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹni tí ayé inú rẹ̀ gbà á lọ́kàn jù ni ó wá di orúkọ ẹni tí wọ́n ní kò ní ayé inú kankan.

Ẹ̀rí láti Ẹnu Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ilé, ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ni yóò bi. Nígbà tí àwọn tí ó ní ọ́tísíìmù bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé nípa ara wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni a gbọ́.

Donna Williams, tí a bí ní Melbourne ní ilẹ̀ Australia ní 1963, tí ó sì kú ní 2017, ti dàgbà kí wọ́n tó sọ fún un pé ọ́tísíìmù ni ó ní. Nínú ìwé rẹ̀, Nobody Nowhere, tí ó jáde ní 1992, ó sọ̀rọ̀ nípa Willie àti Carol. Ojú aláwọ̀ ewéko méjì tí ó rí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà tí ó kéré ni Willie fi bẹ̀rẹ̀. Òǹrorò ni Willie. Òun ni ó ń gbèjà rẹ̀. Carol ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tí Donna bá pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ibi ìṣeré. Donna mú un wọ inú ara rẹ̀, Carol sì di ẹni tí ń rẹ́rìn-ín, tí ń bá àwọn ènìyàn ṣe. Bí Donna ti ń dàgbà, àwọn méjèèjì ni ó ń rán jáde sí ayé, òun alára a sì fara pamọ́ sẹ́yìn wọn. Ìwé rẹ̀ kejì, ti 1994, sọ bí ó ti ṣòro tó láti máa gbé láìsí wọn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe eré ọmọdé ni èyí. Aṣọ ìbora ni àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí jẹ́ fún un, aṣọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹni tí ó wọ̀ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ti Daniel Tammet, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1979, yàtọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2006, ó sọ nípa Anne, ìyá arúgbó gíga kan tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ó wọ aṣọ búlúù gígùn. Bí àwọn ọmọ yòókù bá ń ṣeré ní ilé-ìwé, Daniel a máa rìn láàárín àwọn igi, a sì máa bá Anne sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yá, Anne dágbére fún un pé òun ń lọ, kò sì padà wá mọ́. Ọmọ náà sunkún. Nígbà tí ó dàgbà, ó yé e pé ìdánìkanwà òun ni òun gbé aṣọ ènìyàn wọ̀.

Lílọ tí Anne lọ kò pa ayé inú rẹ̀ rẹ́. Lójú Daniel, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ àti ìrísí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2004, ní Oxford, ó ka nọ́ńbà 22,514 tí ó wà nínú 'pi' láti orí wá, ó sì lo wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ní bí ẹni tí ń rìn kọjá lórí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó rí fún òun. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn ní Amẹ́ríkà, náà sọ nínú ìwé rẹ̀ ti 1995 pé àwòrán ni òun fi ń ronú. Kí ó tó kọ́ ọgbà màlúù kan, yóò ti kọ́ ọ parí nínú orí, yóò sì ti da màlúù gba inú rẹ̀ kọjá.

Ohun Tí Àwọn Onímọ̀ Wá Rí

Ọ̀rẹ́ àfojúinúrí kì í ṣe ohun àjèjì. Ìwádìí tí Marjorie Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2004 fi hàn pé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ti ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó kọjá ọmọ ọdún méje. Ní 2018, Paige Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù tí òbí wọn sọ pé ó ní in kéré sí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Òbí ni wọ́n bi, ohun tí òbí rí ni ó sì lè sọ.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Rebekah White àti Anna Remington, tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn onímọ̀ ní 2019. Àgbàlagbà 87 tí ó ní ọ́tísíìmù àti 263 tí kò ní in ni wọ́n bi léèrè. Wọ́n rí i pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ní in láti máa rí nǹkan bí ẹni pé ó ní ẹ̀mí, kí àánú nǹkan náà sì máa ṣe wọ́n. Kí ni àwa ń pe èyí ní kíláàsì? Ìfohunpènìyàn ni! Ohun tí à ń yin akéwì fún ni à ń fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ sí.

Ọ̀nà Wo Ni A Óò Gbà Pè É?

Àwọn baba wa gbà pé àwọn ọmọ kan ní ẹgbẹ́ lọ́run tí wọ́n jọ ń ṣeré. N kò jiyàn pẹ̀lú ẹni tí ó gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sàárà ni a mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́: a ó se ẹ̀wà, a ó ra ìrèké, a ó pe àwọn ọmọdé jọ kí wọ́n wá jẹ, kí wọ́n sì bá ọmọ náà ṣeré. Ẹgba kò sí níbẹ̀. A ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, a ti gbàgbé àánú tí ó bá a rìn.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá 'ọ̀rẹ́ àfojúinúrí'. 'Emèrè' ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ ẹnu ẹni. 'Wèrè' kò sì tọ̀nà, nítorí ẹni tí ó ní irú ọ̀rẹ́ yìí sábà máa ń mọ̀ pé òun ni òun dá a. Bí ohùn kan bá ń pàṣẹ fún ènìyàn, tí ó ń dẹ́rù bà á, tí ẹni náà sì gbà pé láti ìta ni ó ti ń wá, èyí yàtọ̀. Kí a tètè lọ rí dókítà. Bákan náà, Eli Somer ti ṣàlàyé láti 2002 pé àlá ojúmọmọ lè gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ àti oúnjẹ. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayé inú nìkan kì í ṣe àìsàn. Fágúnwà fi gbogbo igbó kún fún iwin àti ẹ̀dá abàmì nínú ìwé tí ó jáde ní 1938, ìwé náà ni à ń kà fún ìdánwò títí di òní.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún tí ó kọjá, mo bi àbúrò mi ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í ní ọdún 16 sẹ́yìn: ta ni awakọ̀ yẹn? Kò wò mí lójú, ṣùgbọ́n ó dáhùn. Ó ní, 'Bùọ̀dá mi, mo mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èmi ni mo dá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ gbé mi lọ sí ibẹ̀ yẹn, tí n kò lè sọ̀rọ̀, òun ni ó ń dárúkọ ibùdókọ̀ fún mi, títí a fi délé.'

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ bá rí ẹni tí ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe tètè sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ bi í.